Etí Bàbá Rẹ Ti Wọ Ìlú Ńlá

Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ tó fẹsẹ̀ jọ mí tí kò fàwọ̀ jọ mí, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé wọn ò fi iṣẹ́ pa ọ́ níbẹ̀? O ò ní fẹsẹ̀ kọ níbi ire. Bí o bá béèrè wa, ara wa le koko bí ọta.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá, mi ò lè pa á mọ́ra! Àwọn oníṣègùn wá síbi tí a ti ń kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n fẹ́ yẹ ara gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn wò. Àwa mọ́kànlá la tò. Àwọn mẹ́wàá yòókù, fìrí ni wọ́n wò wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó kàn mí, dókítà tan iná sí egbò kékeré tó wà létí mi, ó pe ẹnìkejì, ẹnìkejì pe ẹnìkẹta, wọ́n fi fóònù ya etí náà ní fọ́tò mẹ́ta! Bíríkìlà tó máa ń pè mí ní Òyìnbó Orí Páànù dúró, ara ń ta á. Ta ló ya etí tiẹ̀ rí?

Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò lè jù ọ́ lọ, ní torí pé àfín ni mí, oòrùn tètè máa ń ba awọ mi jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Mo ní oòrùn wo? Oòrùn tó ti mọ̀ mí bí ẹni mowó láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n? Ó béèrè bóyá mo ń lo ìpara. Mo ní ọmọ mi fi ọ̀kan ránṣẹ́, olówó gọbọi, ọjọ́ ìsinmi tí mo bá wà nínú ilé nìkan ni mo ń fi í para, kí òógùn má baà fi ṣòfò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún ń wò mí. Ó jọ pé kò rí ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù mú lọ sílé. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá egbò etí náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀, mo mú bẹ́ẹ̀ kọ́, kí máàkì mi má baà dínkù. Ìyá rẹ gba bírò lọ́wọ́ mi, ó ní ta ló wá ń fọ ẹ̀jẹ̀ lára ìrọ̀rí láti ọdún tó kọjá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gé díẹ̀ lára etí náà, kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ, wọ́n fi sínú ìgò, wọ́n kọ orúkọ mi sí i, ó di ìlú yín! Èmi tí mi ò dé ibẹ̀ rí, etí mi ti ṣáájú mi. Bí o bá ń kọjá níbẹ̀, bá mi kí i.

Èsì ti dé! Wọ́n pè láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n wá sí ọsibítù ńlá tó wà lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́bọ̀, kí n má fi falẹ̀, kí ọmọ mi wà níbẹ̀, pé bí wọ́n bá tètè gé ìyókù, ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀. Ta ni wọ́n ń kánjú pè síbi nǹkan burúkú? Mo fò sókè. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, mo ní ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Torí náà, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, àti owó akẹtẹ̀ ńlá kan, torí dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ gun páànù láìbo orí mọ́. Kó jẹ́ èyí tó gbayì, kí bíríkìlà rí i.

Olúwa á dá ọ lóhùn kí o tó pè é. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí sí ire.

Ìyá rẹ dúró sẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó ní kí n pa ọ̀rọ̀ owó rẹ́, kí n kọ ọ́ pé kí o wá mú wa fúnra rẹ. Mi ò rí ẹni tó ń pa ọ̀rọ̀ owó rẹ́ rí, mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di èjìká mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.