Kéèkì Efinrin Tí Bàbá Ẹ Fi Gba Ọlidé

Ilé Ìyá Ọlápọ̀sí,
Ladi-Lak, Bàrígà.
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Munirat ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi, ìyá mi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún jù lọ,

Àsàlámù àláékúmù. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ṣé òtútù Àbújá ò bá ẹ fínra, ṣé ẹ̀ ń rí iná, ṣé àwọn tíṣà yín ń fọwọ́ rọra mú yín? Ọlọ́run tó dá ẹ sí di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lánàá á dá ẹ sí títí wàá fi máa gbàgbé iye ọdún ẹ, tí àwọn ọmọ-ọmọ ẹ á máa bá ẹ kà á. Tí o bá ń béèrè àwa náà, àlàáfíà la wà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá mi ń lọ, ó ń bọ̀, láti Ladi-Lak dé Onipanu, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣàìsàn díẹ̀. Èmi fúnra mi, mo tún lẹ́wà sí i. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, dígí ni.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti gba fóònù yín nílé ìwé títí ẹ ó fi ṣèdánwò tán, ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti já sílẹ̀, kì í ṣe pé mi ò mọ̀wé, ìwé ni ò mọ̀ mí. Mo ń sáré kọ ọ́ ni, torí Àǹtí Saheedat ń wẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, tí wọ́n bá ti jáde mo máa gbé wọn lọ sí páàkì, àwọn ló máa gbé lẹ́tà yìí bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé, fìdí lélẹ̀: bàbá ẹ ti yan kéèkì. Kéèkì ṣokoléètì àti mínǹtì, alájà mẹ́ta, bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbogbo Ladi-Lak ló ń sọ ọ́. Tí ẹnì kan bá sọ fún ẹ pé kì í ṣe èmi, ọ̀tá ni.

O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá ẹ lọ, Ọlọ́run á kẹ́ ẹ, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ́. Àǹtí Saheedat tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ gbé ẹ lọ sí Àbújá, wọ́n ní ọkùnrin tí ò lè se ẹyin ò lè tọ́ ọmọ. Wọn ò purọ́ nígbà yẹn. Ẹyin tí mo sè lójú wọn, ìkòkò jóná, ẹyin ò jinná. Àmọ́ ọdọọdún tí mo bá ti ní kí wọ́n jẹ́ kó o wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ àwọn lọ febi ṣeré ní abúlé ni. Abúlé! Bàrígà! Àwa tá a ní ọ̀sà lẹ́yìnkùlé, tí kẹ̀kẹ́ wa ju èèyàn lọ! Lọ́dún yìí ni wọ́n wá fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ọjọ́ tí èmi Ràmọ́nù bá fọwọ́ ara mi ṣe oúnjẹ tí àlejò jẹ, tí àlejò náà tún béèrè sí i, ọjọ́ yẹn ni Munirat á wá lo ọlidé ní Bàrígà. Wọ́n rò pé àwọn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mi nìyẹn. Wọn ò mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ làwọn jù sí mi.

Wọ́n tún ní àwọn ń bọ̀ wá ra aṣọ ní Bálógun fún ṣọ́ọ̀bù àwọn, ọjọ́ Sátidé tó jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹ gan-an làwọn máa yà kí mi. Mo rántí pé o sọ fún mi pé kéèkì ṣokoléètì tó ní mínǹtì láàárín ni wọ́n máa ń rà fún ẹ lọ́jọ́ ìbí. Mo ní ó parí. Ìyẹn náà ni n ó ṣe. Tí èèyàn bá fẹ́ jà, kó wá ẹni tó ga jù nínú wọn.

Mo bọ́ sórí fóònù, mo rí obìnrin òyìnbó kan nínú fídíò tó ń ṣe irú ẹ̀. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò dáhùn, mo fi í fún Ọlọ́run. Mo ní kó rọra máa sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Samson kápẹ́ńtà, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi, ló ń túmọ̀ fún mi. Bó ṣe di àárín, obìnrin yẹn ní ká tẹ bọ́tìnì pupa kan nísàlẹ̀. Ha. N kì í ṣe ọmọ àná. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́n owó lọ ní báǹkì nìyẹn. Mo dìde wẹ́rẹ́, mo lọ ki káàdì báǹkì mi bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ibẹ̀ kí fóònù má bàa rí i, kí n tó padà wá jókòó. Samson rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ, kọ́bọ̀ ò yẹ̀ nínú owó mi.

Òyìnbó yẹn ní ẹyin ò gbọdọ̀ tutù, ó gbọ́dọ̀ bá yàrá mu. Mo gbé ẹyin mẹ́fà wọlé, mo tò wọ́n sórí pílò mi, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi gbé ibẹ̀, èmi sùn sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ẹyin yẹn mọ yàrá mi ju onílé lọ.

Ófùnù ò sí nílé wa, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ta ni ò mọ̀ ní Bàrígà pé tí o bá da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, tí o gbé e kaná, tí o gbé páànù kéèkì lé yanrìn yẹn, tí o wá dé e pa, ófùnù nìyẹn? Ibi tí mo ti gbọ́n jù ni pé mi ò ra yanrìn. Mo gbé báàgì, ó di etí ọ̀sà, mo bu ti ọ̀fẹ́. Àfi bí iná ṣe mú un, tí ìkarahun tó wà nínú yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í bú, pá! pá! pá! Ìyá Ọlápọ̀sí onílé wa sá jáde pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé àwọn ọmọ ìta ti dé. Nígbà tá a ṣí ìkòkò, kéèkì ga, ó dúdú, ó ń dán, àmọ́ ẹja ló ń rùn. Samson bù ú jẹ, ó ronú díẹ̀, ó ní Ràmọ́nù, kò burú o, gààrí tútù ló kù.

Ṣé o rò pé mo sunkún? Èmi! Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, mo bu yanrìn gidi, mo jọ̀ ọ́, mo yan án bí ẹni ń yan gààrí títí tí ò fi ní omi kankan lára mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé páànù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde bí ọba. Iná bù mí jẹ lápá, mo ní kó máa bù ú. Òyìnbó ní kéèkì gbọ́dọ̀ sinmi kó tó di pé a kùn ún, mo bá tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ẹ̀dì lórí aṣọ mímọ́, mo tan fáànù sí wọn, mo ní kí Samson yí rédíò ẹ̀ wálẹ̀, àwọn kan ń sinmi níbí.

Ó wá ku mínǹtì. Wọ́n ní ó wà nínú ìgò kékeré kan ní Onipanu, ìgò tí ò ju àtàǹpàkò mi lọ, iye tí wọ́n pè é, mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á bóyá ó fi ilẹ̀ kún un. Mo padà sídìí fóònù. Mo wò ó, ewé tútù ni òyìnbó yẹn gbé sórí kéèkì. Ewé tí etí ẹ̀ dà bí ayùn, tó ń ta sánsán, tó ní ó máa ń mú inú tutù. Munirat, mo bú sẹ́rìn-ín. Efinrin ni! Efinrin tí Ìyá Ọlápọ̀sí gbìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lẹ́yìn ilé! Wọ́n kàn ń pè é ní mínǹtì fún ẹ̀yin ará Àbújá kí wọ́n lè rí owó yín gbà ni. Sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Mo já ọwọ́ méjì, Ìyá Ọlápọ̀sí ní ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè. Mo ní kéèkì ni. Wọ́n di ìdí aṣọ wọn mú kó má bàa tú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kúkú da irú sí i. Mo ní màmá, ẹ máa wò mí.

Mo gún efinrin, mo fún omi ẹ̀, mo gún ṣúgà títí ó fi dà bí ìyẹ̀fun, mo pò wọ́n mọ́ bọ́tà. Ó gba àwọ̀ ewé, ó rẹwà ju pẹ́ńtì mọ́ṣáláṣí wa lọ. Mo kùn ún sáàárín, mo to àjà lé àjà. Àjà òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ bí ọmọtí. Mo ṣẹ́ igi ọwọ̀ tuntun mélòó kan, mo fọ̀ wọ́n, mo fi wọ́n gún un láti òkè délẹ̀. Ó dúró gbọin.

Bí Àǹtí Saheedat ṣe ra aṣọ tán ní Bálógun lánàá, mo lọ fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn ní Onipanu. Wọ́n ti jẹ ẹran kan lójú ọ̀nà ní Lọ́kọ́ja, inú wọn ń dún bí ẹ̀rọ ata. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ lọ àwọn, omi nìkan, pàápàá tó bá jẹ́ ọwọ́ Ràmọ́nù ló ti wá. Mo ní ọlidé ti bọ́. Ìyá Ọlápọ̀sí ló ṣẹ́jú sí mi, wọ́n gbé ègé kéèkì mi kan jáde nínú àwo láti ilé ìdáná wọn, wọ́n ní ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀, ó dáa fún inú, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àǹtí tọ́ ọ wò. Wọ́n tún tọ́ ọ wò. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n wá gùnfẹ̀ kan, gẹ̀ẹ̀ẹ̀, ológbò onílé sá. Inú wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n na àwo, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, òmíràn.

Òmíràn! Mo di ògiri mú.

Wọ́n rí ọwọ̀ nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fà á yọ, wọ́n fi ń tayín, wọ́n ní àwọn yìí mọ iṣẹ́ o, wọ́n tiẹ̀ fi igi ìtayín sí i, ti Àbújá ò ní. Wọ́n béèrè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Ìyá Ọlápọ̀sí nàka sí mi. Àǹtí ní irọ́ ni. Samson gbé ìkòkò àti yanrìn jáde bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù, ó gbé kéèkì ẹlẹ́ja tẹ̀ lé e, ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè kí wọ́n rí ibi tí iná ti bù mí jẹ. Àǹtí gbé èyí tó kù lọ́wọ́ wọn sí imú, wọ́n ní efinrin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mínǹtì. Wọ́n ní nígbà tí àbúrò àwọn lóyún Munirat, kò jẹ́ kí efinrin sinmi, ó ń já a sọ́bẹ̀, ó ń já a sí tíì, ó kù díẹ̀ kó já a sómi ìwẹ̀. Wọ́n nujú. Wọ́n ní òórùn efinrin ló ta àwọn lójú. Ó ta èmi náà díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Wọ́n wá ní ó dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní mẹ́fà. Wọ́n ní Ràmọ́nù, má dán mi wò. Mo ní mẹ́rin náà ti pọ̀ jù mà. Samson ti ń hó lójú títì.

Nítorí náà, ìyá mi, máa di ẹrù. Samson ń kan bẹ́ẹ̀dì ẹ lọ́wọ́. Àmọ́ má jẹ́ kójú tì mí o, kéèkì mẹ́rin ti jẹ gbogbo gáàsì inú sílíńdà, táyà ẹ̀yìn yẹn náà ń retí dókítà. Nínú owó ọjọ́ ìbí tí wọ́n fún ẹ, bá mi fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún pa mọ́. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì o, mi ò mọ ohun tí fóònù yẹn ti rí. Ki í bọ inú ìbọ̀sẹ̀, fi ọwọ́ ara ẹ gbé e wá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òórùn rere máa ṣáájú ẹ wọlé bí efinrin. Ibi tí o bá ti kúrò, wọ́n á ní kó o tún wá. Ìdánwò ẹ á wú, kò ní rì láàárín. Ọjọ́ ayé ẹ á pọ̀ bíi yanrìn ọ̀sà, kò sì ní rùn bí ẹja. Àmín.

Èmi ni bàbá ẹ,
Ràmọ́nù Àjàlá, ọ̀gá àwọn oníkéèkì, Ladi-Lak àti àgbègbè ẹ̀.

Mo ti gbàgbé: ègé kan ṣoṣo tó kù ni mo fi pa mọ́ fún ẹ sínú ike tí Àǹtí máa gbé fún ẹ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọ̀nà Àbújá jìn, inú wọn sì lè tún dún. Tí o bá ṣí ike yẹn, tó jẹ́ pé ọwọ̀ nìkan lo bá níbẹ̀, má bá wọn jà o. Rọra dé e padà, máa rẹ́rìn-ín. Àlejò ti béèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta.