Ẹ Wọn Ẹnu Ọ̀nà Ná: Ìgbésí Ayé Màmá Kí-la-Mọ̀

Ọdún 1944 ni a bí olóògbé, Màmá wa ọ̀wọ́n, nínú yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ télọ̀. Télọ̀ yẹn ni bàbá wọn. Agbẹ̀bí ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin. Kí ọwọ́ wọn tó tó orí tábìlì ni wọ́n ti ń da bàbá wọn láàmú lẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá, kí ló dé tí apá òsì aṣọ yìí fi gùn ju apá ọ̀tún lọ?"

"Torí pé ò ń bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ìyá wọn fẹ́ kí wọ́n jogún iṣẹ́ agbẹ̀bí. Wọ́n tẹ̀ lé ìyá wọn lọ síbi ìbímọ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n dákú. Ìyá wọn da omi lé wọn lórí, ó ní, "Ó ti tán. Lọ máa kọ́ ọmọ tí ẹlòmíràn bá bí." Báyìí ni wọ́n ṣe dé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní 1961.

Ní 1964, wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ìlànà wọn ò yí padà láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì títí yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìṣòro tó wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni: Kí la mọ̀? Kí là ń wá? Àwọn ọmọ ló fún wọn lórúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n.

Ní 1966, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé fún káfíńtà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Káfíńtà wọn ògiri yàrá àwọn olùkọ́. Ó wọn àjà. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù náà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó dán an, ó kó èèyàn wá gbé e. Kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ̀, kò gbà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n fọ́ ògiri. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n gé e sí méjì. Káfíńtà ń làágùn.

Màmá jáde láti kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Kí la mọ̀?"

"A mọ̀ pé káfíńtà ò wọn ẹnu ọ̀nà," olùkọ́ kan dáhùn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Kí là ń wá?"

"Kí kọ́bọ́ọ̀dù wọlé."

"Rárá o. Ibi tí òjò ò ti ní pa ìwé là ń wá."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín kíláàsì méjì ní òrùlé, òjò kì í débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Tẹ́lẹ̀, inú yàrá olùkọ́ ni wọ́n ń ti ìwé mọ́. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá ń kọjá á rí i, á sì mú un kà. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Káfíńtà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní òun wá wò ó bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún. Ó tún wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Màmá wò ó títí.

"Káfíńtà, kí lẹ ń wá gan-an?"

Ó sọ ọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1968.

Ibùsùn tí ó kàn fún ìyàwó rẹ̀, inú yàrá ló ti kàn án. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ, kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ayálégbé tó ń bọ̀. Láti ìgbà náà, ohun yòówù kí Káfíńtà dáwọ́ lé, Màmá á ní, "Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ná o." Ó wù ú kó kan ohun kan fún wọn tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Màmá kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama láti 1972, wọ́n sì bọ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ní 1983. Ìbéèrè méjì yẹn náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, "Màmá, ìbéèrè ọmọdé nìyí." Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àgbà ló gbàgbé ẹ̀."

Ní 1990, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti kọ́ rí wá bá wọn. Àwọn aláìsàn ń jà lórí ìlà ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Màmá lọ jókòó sáàárín wọn bí aláìsàn. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ẹni tó wá pààrọ̀ báńdéèjì àti ẹni tó fẹ́ rí dókítà wà lórí ìlà kan náà. Ohun tí wọ́n ń wá ò jọra." Ìlà di méjì, ìjà parí. Káfíńtà ló kan bẹ́ǹṣì kejì. Inú ilé ìwòsàn ló ti kàn án, kí ẹnikẹ́ni má baà bi í nípa ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í pẹ́ lórí àdúrà. Wọ́n á ní, "Ọlọ́run mọ ohun tí a mọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá, kẹ́ ẹ jókòó."

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2001. Àìsàn dé lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n rí i pé ilé ti yá, wọ́n pe ọkọ wọn. "Káfíńtà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kan pósí mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

Kò béèrè ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà, ọmọkùnrin méjì, olùkọ́ àti mẹkáníìkì, àwọn ọmọ-ọmọ, àti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ sáyé lọ.

Àwọn ọmọ ní kí àwọn ra pósí, torí ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Bàbá kọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun di igi mú. Kó tó fi ayùn kan pákó, ó wọn ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó wọn ti pálọ̀. Ó wọn igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti géètì. Ó padà lọ wọn ti yàrá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ẹ bá fi ń ka èyí, Màmá á ti jáde nílé. Àyè wà lápá ọ̀tún. Àyè wà lápá òsì.

Ẹ sùn re o, Tísà. Ẹnu ọ̀nà gbà yín.