Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Ṣúgà Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ẹni tó ń gbé òkè yàrá rẹ ti ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ti tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ṣe, ó wá ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a ò lè sọ fún un.

Ẹ̀rọ kékeré tí o fi ránṣẹ́ nítorí àtọ̀gbẹ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mo bá ti gún ìka, tí mo kán ẹ̀jẹ̀ sí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á tàn bíi ti fóònù, nọ́ńbà ṣúgà á yọ. Èmi rò pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ń lọ tààrà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wé gèlè kí n tó gún ìka, kí o má baà bá mi ní wúruwùru. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà lọ sókè, ìka bàbá rẹ ni mo gún lé e, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

Ìyọnu mi kì í ṣe abẹ́rẹ́, kí ni abẹ́rẹ́ fẹ́ fi ìka aránṣọ ṣe? Ọ̀rẹ́ mi oníbúrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi ni. Lọ́sàn-án gbogbo ló ń gbé etí kéèkì wá, bí mo bá ní n kò jẹ, á ní mo ti di ìyá ọlọ́mọ ìlú ńlá, á ní díẹ̀ kì í pa èèyàn, á bi mí lójú àwọn oníbàárà bóyá òun fẹ́ fún mi ní májèlé jẹ ni. Ó dùn mí gan-an, torí kí n tó bí ọ la ti jọ ń ṣe wọlé-wọ̀de. Kí ìjà má baà dé, mo jẹ ẹ́, ojú mi sì ṣú débi pé mo rán apá aṣọ ìyàwó káfíńtà mọ́ ibi ọrùn. Ó ní òun kò ní orí méjì.

Nígbà tó sú mi, mo ní ọmọ mi ń wò wá láti inú ẹ̀rọ. Họ́wù! Ó nu ọwọ́, ó kọjú sí ẹ̀rọ, ó ní kí o má bínú, ìfẹ́ ló fà á. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó fi nǹkan dídùn yọ mí lẹ́nu mọ́. Oníbàárà tó gbé ẹlẹ́rìndòdò wá gan-an fi í pamọ́ sẹ́yìn títí mo fi wọn ara rẹ̀ tán.

Àfi bí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ṣe wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà kì í ròyìn fún ẹnì kankan, àfi ẹni tó bá mú un dání. Mo ní, ta ni mo wá ń wé gèlè fún? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Tó bá jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ló ṣàṣìṣe, jọ̀ọ́ má bínú nípa ti ìka bàbá rẹ.

Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún ọ̀rẹ́ mi, torí mo mọ̀ pé kéèkì ń padà bọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè máa fi orúkọ rẹ purọ́ fún un. Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, mo sọ òótọ́ fún un. Kò bínú. Ó tún bi mí bóyá lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ló bá lọ ti ilẹ̀kùn, ó wá jókòó, ó na ìka rẹ̀ fún mi.

Ọmọ mi, nọ́ńbà rẹ̀ ju tèmi lọ fíìfíì. Ó ní ó ti pẹ́ tí òùngbẹ ti ń da òun láàmú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti kú, àti pé nígbàkígbà tí mo bá kọ kéèkì, ṣe ló ń dà bí ẹni pé mo ti mọ̀. Ta ni yóò ra kéèkì lọ́wọ́ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò? A sunkún díẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Báyìí, tíì tí kò ní ṣúgà la jọ ń mu lọ́sàn-án. Kò dùn rárá, ṣùgbọ́n inú wa dùn.

Jọ̀wọ́ fi owó bébà ẹ̀rọ ránṣẹ́, èèyàn méjì ló ń lò ó báyìí. Gba orí fóònù bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ṣe é wẹ́wẹ́, torí fóònù náà kéré, n kò mọ̀ bóyá owó ńlá máa gba inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n sọ fún ìwọ nìkan o. Bí ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún bá bi ọ́, èmi nìkan ni mò ń lò ó.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àtilọ àtibọ̀ rẹ. Bí ohunkóhun bá sì ń ṣe ọ́ níbẹ̀ tí ojú ń tì ọ́ láti sọ, Ọlọ́run yóò fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ tí o lè na ìka fún.

Èmi ni ìyá rẹ.