Ṣòkòtò Bàbá Lẹ́nu Ọ̀nà

Ilé Kẹrin,
Òpópónà Etíkun,
Wick, Caithness.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, 1986.

Netta, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oòrùn o, ẹ̀yin ará Ọsirélíà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì yan gbẹ tán? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ooru kò jẹ́ kí ẹ sùn, àfi kí ẹ máa sá lọ wẹ̀ nínú òkun láràárọ̀. Háà, ìyà mà ń jẹ yín o! Mo ka ibẹ̀ sí Màmá létí, ó kù díẹ̀ kí a sunkún, àmọ́ ẹ̀rù bà wá kí omijé má lọ di yìnyín lójú wa.

Màmá wà. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì le koko, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ní ti ilé tí wọ́n bí wa sí, atẹ́gùn òkun ti di ayálégbé níbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀kùn iwájú ló ń gbà wọlé, á sì lọ bá Màmá lẹ́bàá iná kí tíì tó tutù nínú ife.

Bí ẹ̀gbọ́n wa Dougald ṣe bá wa nìyẹn nígbà tó wá kí wa lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. O kúkú mọ̀ pé ọ̀gá ńlá ni ní Edinburgh, tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà ní gbogbo yàrá rẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Kò bọ́ kóòtù, kò tú ìborùn. Ó dúró láàárín ilé bí ẹni tó wá díyelé ẹran tó fẹ́ kú, ó ní ilé yìí máa pa Màmá. Ó ti bá a rí àyè sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Inverness. Kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ó ní. Bí ẹni pé kápẹ́ẹ̀tì ni Màmá ń wá láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Màmá ní, "Oṣù Kejì ni mo bí ọ nínú ilé yìí, yìnyín sì ga dé ojú fèrèsé. Ṣé o kú?"

"Màmá, ìgbà yẹn yàtọ̀. Ẹ ti dàgbà."

"Ìwọ náà ti dàgbà. Ṣé mo ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí Inverness?"

Dougald kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé tí òun bá padà wá, òun máa mú nọ́ọ̀sì àdúgbò dání. Tí nọ́ọ̀sì bá ti lè sọ pé ilé tutù jù, ọ̀rọ̀ parí. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Màmá kàn ń fọwọ́ pa apá àga rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Netta, tí Màmá yìí bá dákẹ́, o mọ̀ pé ọ̀bẹ ti kan egungun.

Ni mo bá ní n ó rán ejò aláṣọ gígùn tí a ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi kẹ̀! Èmi tí tíṣà ìránṣọ gbà níyànjú níjọ́sí pé kí n lọ máa kọrin. Mo gé kọ́tìnì àtijọ́, mo ki àkísà bọ inú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà. Atẹ́gùn rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé.

"Kí lo gbé síbẹ̀ yẹn?" ni Màmá bi mí.

"Ejò ni, Màmá."

"Ebi ló ń pa á. Yanrìn ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀, kó lè wúwo."

Mo lọ bu yanrìn létí òkun, mo dà á sínú páànù, mo gbé e ka iná kó lè gbẹ. Ìyá Sinclair aládùúgbò wa wọlé, ó béèrè ohun tí mò ń sè. Mo ní yanrìn ni. Ó ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná nílé òun. Kò tíì padà wá.

Mo da yanrìn sínú kọ́tìnì, kọ́tìnì ya, yanrìn tú sílẹ̀ ṣàà. Màmá gbọ́ ọ. Ó dìde, ó táràrà wọ yàrá, ó sì gbé ṣòkòtò Bàbá jáde, èyí tó nípọn, aláwọ̀ ilẹ̀, tí Bàbá ń wọ̀ lọ sójú omi nígbà ayé rẹ̀. Ìwọ náà ṣáà rántí bí Màmá ṣe lé ọ jáde nígbà tí o fẹ́ kó aṣọ Bàbá fún ṣọ́ọ̀ṣì.

"Gé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan," ló wí.

"Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó ti sinmi tó. Kó padà sẹ́nu iṣẹ́."

Mo gé e. Mo rán ìdí rẹ̀ pa. Màmá fi ìka tọ ojú rírán náà, ó ní, "Tú u. Abẹ́rẹ́ ẹ jìnnà síra bí ilé àwọn tó ń bára wọn ṣẹjọ́." Mo tú u. Mo tún un rán, ó tún ní kí n tú u. A kó yanrìn sínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn kó má baà máa jò, a tì í bọ inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, a fi àkísà há a. Màmá gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ wá ojú ibi tó kù, tó sì rán an pa. Abẹ́rẹ́ gún un títí, ó ń rán an lọ.

Sátidé náà pé. Yìnyín òun òjò jọ ń rọ̀ pọ̀. Dougald fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó tì í. Ejò kò jẹ́.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ta nìyẹn?" ni Màmá dáhùn láti orí àga.

"Èmi Dougald ni!"

"Dougald wo?"

"Màmá, yìnyín ń bọ́ lù wá níta!"

"Ṣé yìnyín ń bọ́ ni? A ò mọ̀ o. Ibí gbóná."

Nígbà tí mo fa ejò kúrò, nọ́ọ̀sì ti fi ìborùn bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Rhona Budge ni orúkọ rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ka orí pẹpẹ, ó jókòó mu tíì. Lẹ́yìn náà ló wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí a dí àlàfo etí àwọn fèrèsé náà, òun á sì máa yà wò wá títí òtútù á fi lọ.

"Ẹ gbọ́, Màmá, kò sẹ́ni tó máa gbé yín kúrò níbí tí ẹ ò bá fẹ́."

Màmá mí kanlẹ̀. Dougald fẹ́ sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè kọ́kọ́ ti ejò padà sáyè rẹ̀, ló bá rí àbùlẹ̀ orúnkún tí Bàbá fi òwú àwọ̀n rán fúnra rẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Ti Bàbá ni," ló wí.

"Ta lo rò pé ó ni ín?" Ṣùgbọ́n ohùn Màmá rọ̀.

Dougald fọwọ́ tẹ ejò náà mọ́ ilẹ̀kùn láti ìkángun kan dé èkejì. Lẹ́yìn èyí ló tó bọ́ kóòtù. Ní àná, ó fi bébà dí àlàfo etí fèrèsé gbogbo. Ó dí wọn wọ́gọwọ̀gọ, àmọ́ a kì í wo eyín ẹṣin tí wọ́n bá fi ta ni lọ́rẹ.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, kò lọ. Ó ń yí kiri ẹnu ọ̀nà. Ó wá béèrè ohun tí a fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì ṣe.

Mo ní, "Ilé ẹ tó gbóná bí ààrò búrẹ́dì yẹn? Atẹ́gùn wo lo fẹ́ fi dí níbẹ̀?"

Ó ní kò sí.

A rán an fún un. Ó gbé e jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Màmá dúró sójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan.

"Kí ló ń ṣe tó pẹ́ tó báyìí?"

"Ó ń so bẹ́líìtì mọ́ Bàbá."

"Sọ fún un kó rọra wakọ̀," ni Màmá wí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Màmá ní kí ẹ pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oòrùn yẹn borí yín.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí abẹ́rẹ́ ti gún ìka rẹ̀ tán,
Una.