Ìlú Tí Kò Ní Ìkọ́ Lára Ògiri

Fortaleza,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Idelzuíte, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ewúrẹ́ mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo gbàdúrà pé kí orúnkún rẹ ti fúyẹ́, kí òjò sì ti rọ̀ fún yín díẹ̀. Ní tèmi, ara le. Inú ló ń bí mi.

O mọ̀ pé Genivaldo ọmọ mi ló ní kí n wá wo ìlú yìí, kí n lè pinnu bóyá màá ti ilé mi pa, kí n wá máa bá òun gbé. Ó di ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti ń wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Òkun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, omi lọ salalu, kò sẹ́nu tó lè mu ún. Ọkùnrin kan tó ń ta àgbọn níbẹ̀ ní, "Ìyá àgbà, ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò ní gbé yín lọ o!" Mo ní omi tí ewúrẹ́ mi ò lè mu ò ní rí ẹsẹ̀ mi.

Àwọn èèyàn wọn ńkọ́? Láàárọ̀, àgbàlagbà á wọ ṣòkòtò péńpé, á máa sáré lọ sáré bọ̀ létí omi. A kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ò lé ejò, ejò ò sì lé wọn. Nínú àpótí irin tó ń gbé wa lọ sí àjà kẹsàn-án, mo kí obìnrin kan ẹ káàárọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ mi ń dáhùn jù ú lọ.

Ti ilé ló wá burú jù. Mo gbé ibùsùn àsokọ́ mi dání nínú bọ́ọ̀sì, bí èèyàn gidi ṣe ń ṣe bó bá ń lọ sílé ẹlòmíì. Mo wo ògiri yàrá méjèèjì, kò sí ìkọ́ kan ṣoṣo tí màá so ó kọ́ sí. Genivaldo ní onílé kò gbà kí wọ́n lu ògiri. Ìyá wa máa ń sọ pé ilé tí kò ní ìkọ́ kò fẹ́ àlejò. Mo bá ń yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì láti alẹ́ dòwúrọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mi ò rí Genivaldo mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bi Anacleto, ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa tó ń ṣọ́ géètì ilé náà. Ó ń wolẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, yàrá mi ló wà. Ibẹ̀ ló máa ń wá sùn." Mo ṣílẹ̀kùn. Genivaldo nìyẹn nínú ibùsùn àsokọ́ Anacleto, ó ká ẹsẹ̀ jọ, oorun ti gbé e lọ. Aṣọ iṣẹ́ tó ń fi pa mọ́ fún mi wà lórí ìṣó: aṣọ àwọn tó ń gbé ẹrù àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì.

Mo jí i, mo sì bú u. "Ìlú tí ìwọ fúnra rẹ ò ti rí oorun sùn, ibẹ̀ lo fẹ́ kí n wá kú sí? Kí ló dé tí o ò padà wálé?"

Ó ní, "Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà, Màmá? Ẹ ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ni mí."

Idelzuíte, òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló ní òun rí. Èmi ni mo fi ọ̀gá kún un, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Mo fi ọjọ́ mẹ́fà kẹ́gàn ìlú yìí, èmi gan-an ni ẹ̀gàn tọ́ sí. Ojú tì mí.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo rán ọ rèé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, dìde láàárín ìjọ, kí o sọ pé Zulmira purọ́. Agbẹ́rù lọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì pe ara rẹ̀ ní nǹkan mìíràn rí. Lọ́jọ́ Ajé ni èmi àti Genivaldo máa sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ yín.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu wa pa ọmọ wa lára. Kó rọ òjò fún wa, kó sì fún ọ ní ẹsẹ̀ tí wàá fi dìde lọ́jọ́ náà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́,
Zulmira.

Mo tún rántí: sọ ọ́ sókè, kí Eulália ọ̀tá mi gbọ́ ọ dáadáa. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán lọ́jọ́ Àìkú. Kó má ku ẹyọ kan tí ọmọ mi máa gbọ́ lọ́jọ́ Ajé.