Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Moṣọpẹ́

Màámi mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú èéfín, ẹ kú ìdí agbada. Bí lẹ́tà yìí ṣe ń wọlé, kí ire máa tẹ̀lé e wọlé. Ọwọ́ tí ẹ fi ń yan gàrí ò ní rọ, ojú tí èéfín ń dà láàmú yẹn, ẹ ó fi rí ọmọ ọmọ, ẹ ó fi rí ilé tí èmi Adégbọlá máa kọ́. Àmín. Àǹtí Ìbíyẹmí àbúrò yín wà dáadáa, wọ́n ní kí n kí yín. Moṣọpẹ́ àbúrò mi náà wà dáadáa. Ẹ má bínú pé mo ti dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Bọ̀dá Láyí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹ má fo ibì kankan, ẹ má sì fi ti yín kún un. Mo mọ̀ yín.

Màámi, ẹ ní ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró, pé ẹni tó bá máa sọ òótọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tí ẹ jọ ń yan gàrí náà lè gbọ́. Mo ti kọ ọ́. Màmá Godswill ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń bọ̀ nílé, àwọn ni mo fi rán. Ẹ fún wọn lómi tútù.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mo ń jẹ́. Ẹ ní nọ́ọ̀sì lẹ sọ fún gbogbo Ìjẹ̀bú-Mùṣin pé Moṣọpẹ́ ń kọ́, kí n lọ fojú ara mi wò ó, tó bá jẹ́ ijó ló ń jó bí wọ́n ṣe wí, kí Àǹtí Ìbíyẹmí di ẹrù rẹ̀ kó máa bọ̀ nílé. Láti ìgbà yẹn ẹ ò gbé fóònù Moṣọpẹ́ mọ́. Ẹ ò kúkú rán ẹni tí ò mọ̀nà. Gbogbo ayé mọ̀ pé èmi ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀, ilé ìwé kọ́ ló lé mi. Ní River Road, ní Barking ní London níbí, níbi tí mo ti ń kó fóòmù bẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló sọ pé tí Adégbọlá ò bá tíì dé, iṣẹ́ ò lè bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ torí pé ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ń wà o, àmọ́ ó sọ ọ́.

Ó wá bọ́ sí àsìkò tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ń ṣe eré lóríṣiríṣi. Lónìí ijó, lọ́la tíátà, tó bá tún dọjọ́ mìíràn, orin àti àṣà ibi tí kálukú ti wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo ní ó dáa, màá lọ síbi gbogbo ẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n máa fi pa mọ́ fún mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ńlá kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo èèyàn bọ́ bàtà. Màámi, ọkàn mi balẹ̀. Bàtà tò lọ bíi ti ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo yọjú, ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àga, wọ́n dákẹ́, gbogbo wọn ò wọ bàtà, obìnrin kan dúró níwájú. Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Mo ní áà, aládùúrà làwọn èèyàn yìí, Moṣọpẹ́ ò sì sọ fún wa! Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún yín. Mi ò mọ̀ pé ara ni wọ́n ń nà kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà, Miss Catherine, tíṣà ijó wọn, wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi jẹ́jẹ́, ó ní mo ṣe é dáadáa, kí n tún lọlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí n mí jáde. Mo mí jáde, mo ní àmín. Ló bá ní kí gbogbo wọn wá wo bí ẹ̀yìn mi ṣe lọ gbọọrọ. Ẹ rí i? Ọjọ́ tí mo dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni wọ́n ti ń fi mí kọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀. Moṣọpẹ́ wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi aṣọ bojú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀mí ló gùn ún.

Èyí tó tẹ̀lé e ni tíátà. Mo ti ibi iṣẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n pa iná, àga rọ̀, oorun gbé mi. Ìgbà tí mo lajú, ọmọkùnrin kan ti kú. Ó nà gbalaja, ìyá rẹ̀ ń sunkún lórí ẹ̀, gbogbo èèyàn jókòó, wọ́n ń wò ó, ẹnì kan ò dìde lọ gbá obìnrin náà mú. Mo ní irú ìlú wo lèyí? Bí wọ́n ṣe tan iná, tí wọ́n tún wá ń pàtẹ́wọ́, mo ti dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, mo ní ẹ kú àràfẹ́rakù, Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ dán yín wò mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́ o. Ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́ gidigidi, ó ní láti oṣù tó kọjá lòun ti ń múra rẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo wọ ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ń pè ní Vicarage Field láti lọ ra ìbọ̀sẹ̀, ta ni mo rí? Ọmọ tó kú. Ó ń jẹ ànàmọ́ díndín. Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé tí èèyàn bá rí àkúdàáyà, kò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ, ṣe ló máa pòórá. Ẹlòmíì ì bá ti sá. Èmi rọra jókòó sí tòsí ẹ̀, mo ń wò ó bóyá oúnjẹ náà ń lọ sínú ikùn àbí ó ń jábọ́ sílẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Ló bá gbójú sókè, ó ní ṣé èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n Moṣọpẹ́, pé Aaron lorúkọ òun, ó wá fi ànàmọ́ lọ̀ mí. Mi ò jẹ ẹ́. Nígbà tí mo délé ni Moṣọpẹ́ tó ṣàlàyé pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo ní mo kúkú mọ̀. Ohun tí ò tíì yé mi ni bí ìyá Aaron gan-an ṣe gbà kí ọmọ tí ara rẹ̀ le koko máa kú lálaalẹ́ lójú àlejò.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ bi yín. Tí eré bá parí, gbogbo wọn á tò síwájú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, tó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n dé ilẹ̀, wọ́n á nàró padà. Mo bi Moṣọpẹ́ pé kí ló ń dá wọn dúró. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Mo ní kò burú, wọ́n gbìyànjú.

Ó wá ku ti Moṣọpẹ́. Bọ̀dá Láyí, ẹ rọra ka ibí yìí.

Kí n má purọ́ fún yín, Màámi, mo ti jábọ̀ fún Àǹtí Ìbíyẹmí pé ijó ni. Wọ́n ti gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wà ní pálọ̀ wa ní Longbridge, Moṣọpẹ́ ń rí i tó bá ń jáde, ó ń rí i tó bá ń wọlé. Mo kàn ní kí n wo èyí tóun fúnra rẹ̀ máa ṣe, kí ẹjọ́ tí mo máa rò fún yín lè kún.

Òun nìkan ló jáde. Kò sí ìlù, kò sí orin, iná kan ló tàn sí i lórí. Ó jókòó sórí àpótí kékeré kan, ó yẹ̀gbẹ́, ó gbójú sápá kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tì í, ó yí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tì í, ó yí i. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n, mo ń wò ó bí àwọn yòókù ṣe ń wò ó. Ìgbà tó wá na ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí kò wo ibẹ̀, tó fi gìgísẹ̀ ti nǹkan wọlé ni mo tó dá a mọ̀. Màámi, igi ìdáná ni. Ta ló tún ń fi gìgísẹ̀ ti igi sínú iná láyé yìí? Ọwọ́ ni gbogbo èèyàn fi ń tì í. Ẹ̀yin nìkan ni. Mo wá wo ojú tó gbé sápá kan, èéfín ló ń sá fún. Mo wo etí ìró tó fi ń nu ojú. Ọmọ yìí gbé yín wá sí Barking, ó gbé yín ka iwájú èrò, ó ku díẹ̀ kí n wúkọ́.

Ẹ̀rù wá bà mí, torí ọwọ́ òsì rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òsì lẹ fi ń bu ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti kù sínú agbada. Ó gbàgbé. Ọ̀tún náà wá ń falẹ̀, ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ. Bó ṣe máa ń ṣe nílé náà nìyẹn tí ẹ bá fi agbada sílẹ̀ fún un, àwa la sì ń jẹ gàrí dúdú yẹn. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde nínú òkùnkùn:

“Moṣọpẹ́, gàrí ń jóná!”

Gbogbo èrò bojú wẹ̀yìn. Moṣọpẹ́ ta gìrì.

“Mà!”

Bó ṣe dáhùn nìyẹn. Màámi, èmi ni mo pè é. Tí mo bá pè é, “Bọ̀dá” ló máa ń wí. “Mà” ló wí, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kíákíá, òsì ń bù ú, ọ̀tún ń yí i, gìgísẹ̀ ń ti igi, títí gàrí náà fi jinná. Ó bu díẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó gbọn ọwọ́ nù. Iná kú. Àtẹ́wọ́ yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Omi jáde lójú mi, àmọ́ èéfín ni.

Àwọn èrò rò pé èmi náà wà nínú eré. Miss Catherine wá bá mi, ó ní níbi eré ìparí kí wọ́n tó gba ìsinmi, kí n tún dìde kí n pariwo bẹ́ẹ̀. Èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kẹta, orúkọ mi ti máa wà nínú ìwé eré kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo ti ń dán an wò ní River Road. Naheem tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n sórí, “gàrí ń jóná” ló fi ń kí mi láàárọ̀.

Àmọ́ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá à ń lọ sílé, Moṣọpẹ́ gbórí lé fèrèsé. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ pè é dáadáa. Ṣùgbọ́n mo rò pé Màámi ni.”

Nítorí náà, Màámi, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Kí Bọ̀dá Láyí gbé fóònù sẹ́nu yín nídìí agbada, kó gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan. Moṣọpẹ́, gàrí ń jóná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò ní láti sọ pé inú yín ti rọ̀, ẹ ò ní láti sọ pé nọ́ọ̀sì ò dáa. Bọ̀dá Láyí á fi ránṣẹ́ sí mi, àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì á gbé ohùn yín sáfẹ́fẹ́ nínú òkùnkùn yẹn. Mo ti ní kí Miss Catherine yọ orúkọ mi, kó kọ “Ìyá Adégbọlá” síbẹ̀.

Tí Màmá Godswill bá ń padà bọ̀, ẹ fi gàrí díẹ̀ rán wọn sí wa. Ẹ sì bá mi wá owó díẹ̀, mo fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹni tó wà ní London ló yẹ kó máa fi owó ránṣẹ́ sílé, àmọ́ oṣù yìí gbóná. Ọlọ́run á máa bù sí i fún yín, agbada yín ò ní lu, ẹ ò ní fọwọ́ ara yín yan gàrí sílẹ̀ fún ẹlòmíì jẹ, ẹ ó jèrè àwa méjèèjì.

Àpótí rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀. Mi ò gbé e padà sókè, mi ò sì gbé e jáde. Tí ẹ ò bá fẹ́ pè é, kò sí wàhálà, màá dìde, màá pè é, ẹ mọ ohùn mi, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Barking. Àmọ́ “Bọ̀dá” ló máa dáhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Adégbọlá