Lẹ́ǹsì Gígùn fún Ọmọ Orí Ẹní

Olówó orí mi,

Ẹ ní fídíò ọmọ wa tó ń rákòrò lẹ fẹ́ máa fi kámẹ́rà kékeré yìí yà. Mo ṣe àmín. Àmọ́ mo dán an wò láàárọ̀ yìí: etí ọmọ nìkan ni lẹ́ǹsì gígùn tí ẹ yàn rí nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ó fa obìnrin aránṣọ òdìkejì títì wọlé, tòun ti téèpù ọrùn rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Mo ti mú lẹ́ǹsì náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà, kí wọ́n fi kúkúrú tó ń gba gbogbo yàrá pààrọ̀ rẹ̀. Oúnjẹ yín wà nínú kúlà. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ojú wa.

Bí inú bá bí yín, ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá ọmọ yín